Ìbò Kò Lè Sọ Ibi Di Rere



Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn ará ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà dìbò lórí ọ̀ràn kan tí àwọn baba wa kò lè rò láéláé pé a ó gbé síwájú olùdìbò: ǹjẹ́ kí òfin gba àgbàlagbà láyè láti máa mu igbó fún fàájì, tàbí kí ó máà gbà á láyè? Nínú 100 ènìyàn tí ó dìbò, nǹkan bí 67 ni ó wí pé kí a gbà á láyè. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21.

Bí òkun tilẹ̀ pín wa níyà, ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Maryland bí ẹni pé ìlú wa kan ni. Àwọn òbí wà nínú ìjọ wa ní Àpáta níhìn-ín tí ọmọ wọn ń gbé níbẹ̀, tí ọmọ náà ti gba ìwé onílẹ̀, tí ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò bí àwọn onílé. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń wá sí ilé Fadá lóríṣiríṣi ọ̀nà. Òbí kan a ní, "Fadá, ọmọ mi sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ àwọn, nítorí ìlú ti dìbò sí i." Ọ̀dọ́ kan a sì ní, "Fadá, bí igbó bá burú tó bí ẹ ti ń wí, kí ni ó dé tí àwọn tí ó mọ ìwé jù wá lọ fi ọwọ́ ara wọn yàn án?"

Ìbéèrè gidi ni èyí. Kò yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: kí ni ìbò lè ṣe, kí sì ni ìbò kò lè ṣe? Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ohùn Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ará Colorado àti àwọn ará Washington dìbò pé kí igbó di ohun títà ní gbangba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n bi àwọn ará New Zealand ní irú ìbéèrè kan náà. Àwọn tí ó ní rárá jẹ́ 50.7 nínú 100, àwọn tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni sì jẹ́ 48.4. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn ará Florida dìbò. Nǹkan bí 56 nínú 100 ni ó gbà á, ṣùgbọ́n nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí ó pé 60 kí ọ̀rọ̀ tó lè fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣubú.

Ǹjẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ìbò ni ó ń sọ ohun kan di rere, kí ni a ó wí nípa gbogbo èyí? Ṣé ohun rere ni igbó ní Colorado, tí ó sì jẹ́ ohun búburú ní New Zealand nítorí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó fi ju ara wọn lọ? Ṣé ìbò 56 kò tó láti sọ ibi di rere ní Florida, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 60 ni, ìwà náà ì bá ti yí padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó ní làákàyè mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn kò bèèrè iye ìbò tí a dì. Ohun tí ó ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọ Auckland náà ni ó ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọ Baltimore, òun náà ni ó sì ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọ Àpáta.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìbò kò wúlò. Ìbò wúlò gidigidi níbi tí ọ̀ràn bá wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti pinnu. Ní oṣù kejì ọdún 1961, àwọn ará Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti yan orílẹ̀-èdè tí wọn yóò dara pọ̀ mọ́. Àwọn ti àríwá wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ti gúúsù sì lọ bá àwọn arákùnrin wọn. Ní oṣù keje ọdún 1963, àwọn ará Benin àti àwọn aládùúgbò wọn dìbò láti ya ara wọn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ẹkùn Mid-West sílẹ̀. Ta ni yóò ṣe olórí, ibo ni a ó fi ààlà sí, iye wo ni owó orí yóò jẹ́: gbogbo ìwọ̀nyí ni àwọn ènìyàn lè fi ìbò parí, ẹni tí ó sì pàdánù kò ní ẹjọ́ láti rò. Ṣùgbọ́n ìbò kò lè sọ irọ́ di òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ májèlé di oúnjẹ. Níwájú ààfin Pílátù, a fi ọ̀ràn lọ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohùn wọn ṣọ̀kan, wọ́n sì yan Bárábà. Kò sí Kristiẹni kan tí yóò wí pé nítorí èyí, Bárábà ni aláìlẹ́ṣẹ̀.

Nítorí náà ìdáhùn àkọ́kọ́ kò ṣòro. Bí ohun kan bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní àná, ìbò àná kò lè pa á dà di ìwà mímọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì nira díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ti máa ń ṣìnà sí apá kejì.

Gẹ́gẹ́ bí ìbò kò ti lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ìwà mímọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba fi ẹ̀wọ̀n jẹ níyà. Kì í ṣe èmi ni mo dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino kọ́ wa nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Summa Theologiae pé òfin ènìyàn wà fún àwùjọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì di pípé nínú ìwà rere. Nítorí náà, òfin a máa ka èyí tí ó wúwo jù lọ léèwọ̀, pàápàá èyí tí ó ń pa ẹlòmíràn lára, tí àwùjọ kò sì lè dúró bí a kò bá dá a dúró; a sì máa fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn, fún ìtọ́ni òbí, àti fún ìdájọ́ Ọlọ́run. Ìlara jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í mú ènìyàn nítorí ìlara. Ẹni tí ó ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ń dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí yóò jù ú sí ẹ̀wọ̀n nítorí èyí. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ìwà ọ̀daràn kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń pàdé lójú ọ̀nà nígbà púpọ̀.

Ilẹ̀ wa tìkára rẹ̀ ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé èyí. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun gbé òfin jáde lórí igbó. Òfin náà ní ẹni tí ó bá gbìn ín, ikú ni ìyà rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ǹjẹ́ igbó ha tán nínú oko bí? Rárá. Nígbà tí ó di ọdún 1975, ìjọba tìkára rẹ̀ yọ ikú kúrò nínú òfin náà. Àwọn àgbà ti wí tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 1989 a dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru títí di òní. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, a rí i pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14 ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 títí dé 64 ni ó ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Igbó ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n lò. Àwọn tí ó mu ún lé ní mílíọ̀nù 10. Èkó ni ó ṣáájú gbogbo ìpínlẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ tiwa yìí, níbi tí ó ti jẹ́ 23 nínú 100.

Ẹ̀yin ará, nọ́ńbà yìí kì í ṣe nípa àwọn àjèjì. Bí a bá kó 100 ènìyàn tí ó ti tó ọmọ ọdún 15 jọ ní ìpínlẹ̀ wa, bí 23 nínú wọn ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn, àti àwọn tí ó ń wakọ̀ gbé wa lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé bí a bá ti gbogbo wọn mọ́ ẹ̀wọ̀n, ìlú yóò tòrò, kí ó lọ wo bí ọmọ ọdún 19 ti máa ń rí nígbà tí ó bá ti ẹ̀wọ̀n dé. Nígbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé èyí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó lọ kọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ wa kan ní Maryland bá dìbò bẹ́ẹ̀ ni nítorí pé ó rí bí a ti ń kó àwọn ọ̀dọ́, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, sí àtìmọ́lé nítorí igbó díẹ̀ tí a bá ní àpò wọn, èmi kò ní dìde láti pè é ní ọ̀tá Ìjọ Mímọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Wes Moore, dárí ẹ̀bi tí ó lé ní 175,000 jì, èyí tí a ti kọ sí àwọn ènìyàn lọ́rùn nítorí igbó. Ẹ ronú nípa iye iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti pàdánù, àti iye ilé tí wọn kò rí gbà. Àánú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára jù láti fi dín ìyà náà kù jẹ́ ọ̀ràn tí àwọn onígbàgbọ́ lè fi ẹ̀rí-ọkàn rere jiyàn lé lórí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ààlà wà nìyí. Kí a mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ọmọ tí ó ṣìnà, ohun kan ni. Kí a ṣí ilé ìtajà fún ohun tí ó mú un ṣìnà, kí a kọ orúkọ sí i lára, kí a sì máa gba owó orí lórí rẹ̀, ohun mìíràn ni. Nínú ìbò Maryland àti ti àwọn mìíràn, a so ohun méjèèjì pọ̀ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àánú fún aláìlera. Ti èkejì ni kí a fi àìlera aláìlera ṣòwò, nítorí èrè oníṣòwò igbó kì í ti ọwọ́ ẹni tí ó mu ún lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún wá, bí kò ṣe láti ọwọ́ ẹni tí kò lè jí láàárọ̀ láì mu ún. Ẹni tí ó bá dìbò kí òun lè rí i mu ní ìrọ̀rùn, tàbí kí òun lè rí èrè jẹ níbẹ̀, kò lè fi ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn bojú. Níkọ̀kọ̀ ni a ń dìbò, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kà á.

Ohun tí Pọ́ọ̀pù Francis, tí ó di olóògbé ní ọdún 2025, sọ fún àwọn tí ń gbógun ti oògùn olóró tí wọ́n pàdé ní Róòmù ní oṣù kẹfà ọdún 2014 nìyẹn: pé a kò lè fi oògùn olóró ṣẹ́gun oògùn olóró, àti pé gbígbà tí òfin bá gba èyí tí a ń pè ní fẹ́ẹ́rẹ́ fún fàájì, kò ní mú èso tí a ń retí wá. Ẹ wo ilẹ̀ Thailand. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba wọn yọ igbó kúrò láàárín àwọn oògùn tí a kà léèwọ̀, ilé ìtajà rẹ̀ sì hù káàkiri bí olú. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ìjọba náà fi yí padà, ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó ní kí a má tà á mọ́ bí kò ṣe fún ẹni tí ó bá ní ìwé láti ọwọ́ oníṣègùn. Ilẹ̀kùn tí a ṣí ní ọjọ́ kan kì í ṣe é tì ní ọjọ́ kan. Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ohun burúkú kan ní kólórádò, èyí tí ó jẹ́ kẹ́míkà tí a fọ́n sára ewé, tí ó lágbára ju igbó lọ. Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n mú. Òkìkí ìbò tí a dì ní ọ̀nà jíjìn ti di àmì ọjà ní ìgboro wa.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wí pé, "Fadá, ẹ̀yin kò ka ọtí léèwọ̀. Bíà ń bẹ níbi ìsìnkú, ẹmu ń bẹ níbi ìgbéyàwó. Kí ni ọtí fi sàn ju igbó lọ?" Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé Ìjọ Mímọ́ kò tíì fi ìgbà kan gba ìmutípara láyè. Ènìyàn lè mu ife ọtí kan nítorí oúnjẹ tàbí nítorí àlejò, kí làákàyè rẹ̀ sì wà ní pípé. Olúwa wa pàápàá lọ síbi ìgbéyàwó ní Kánà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń mu igbó fún fàájì, ohun tí ó ń wá gan-an ni kí orí rẹ̀ yí padà, kí ó lè kúrò nínú ayé tí Ọlọ́run fi í sí fún wákàtí díẹ̀. Làákàyè ni àwòrán Ọlọ́run nínú wa. Òun ni a fi ń mọ Ọlọ́run, òun ni a fi ń yàn láàárín rere àti búburú. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ paná rẹ̀ nítorí adùn dà bí ẹni tí ó pa fìtílà ilé tí ó sì ní kí olè máa bọ̀. Ìdí nìyí tí Katikísímù Ìjọ wa, ní ẹsẹ 2291, fi kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ wíwúwo, àyàfi bí ó bá jẹ́ fún ìwòsàn nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, kí ẹni tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti ilé ọtí ní òru Sátidé má ṣe ka ara rẹ̀ sí olódodo ju ọmọ amugbó lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, ìgò ni ó yàtọ̀.

Ní ti ìwòsàn, kí a má ṣe da ọ̀rọ̀ rú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí a yọ láti ara ewé yìí fún àwọn ọmọdé tí wárápá líle ń bá jà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, gómìnà Òǹdó ìgbà náà, Rotimi Akeredolu, àti ọ̀gá àgbà àjọ NDLEA ìgbà náà, rìnrìn àjò lọ sí Thailand láti wo bí a ti ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn oníṣègùn bá rí oògùn tòótọ́ nínú ewé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ewé. Ṣùgbọ́n oògùn a máa ní ìwọ̀n, a sì máa ní oníṣègùn tí ń ṣọ́ ọ. Kí ọmọkùnrin tí ó lera má ṣe fi wárápá ọmọ ọlọ́mọ ṣe àwáwí.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín tí ìbò kan kò lè ṣe fún yín. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ mọ ẹni tí ọmọ yín ń bá rìn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀, pàápàá kí ó tó pé ogún ọdún, nítorí àwọn oníṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọpọlọ ọ̀dọ́ tí kò tíì gbó ni igbó ń bà jẹ́ jù, àti pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tí ó sì ń mu ún lójoojúmọ́ ni àrùn ọpọlọ sún mọ́ jù. Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá mọ̀ pé a ń tà á ní ẹ̀yìnkùlé yín, tí ẹ sì ń gba owó ilé níbẹ̀, ẹ ní ìpín nínú ọjà náà.

Bí ọmọ yín bá sì ti wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣe lé e jáde. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a a máa fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹni tí a lé sí ìta, ìta ni yóò gbà á, àwọn tí ń ta igbó ni wọ́n sì ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó gba Àpáta kọjá yìí ni ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn Arò ti ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Lambo kọ́ wa pé kí a má ṣe ya aláìsàn ọpọlọ kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ sì mú un wá sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí a kò ní gbà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní òkè òkun, bí wọ́n bá tún bi yín ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn báyìí: òfin ìlú tí ẹ ń gbé lè sọ ohun tí ọlọ́pàá kò ní mú yín sí, kò lè sọ irú ènìyàn tí ẹ óò dà. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí a bá tún pè yín láti dìbò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ni ohun tí ẹ fẹ́ yìí yóò gbà là, ta ni yóò sì jèrè níbẹ̀. Kí ẹ sì dì í gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jíhìn.

Kí Màríà Wúńdíá, Ìyá Ìmọ̀ràn Rere, gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Kí Olúwa tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀rí-ọkàn gbogbo wa. Àmín.

Fadá yín nínú Kristi.